Wáyà Tí Kò Yà sí Afo

"Dùnsìn, Afo dà níbí?"

Yahya ló bi mí bẹ́ẹ̀, ó na ìka sí ojú láptọ́ọ̀pù mi. Yàrá tí mo yá ní Ìfọ́n la wà, lọ́sàn-án gangan.

"Ó wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó jí i gbé."

Ṣíípù làwa méjèèjì ń ya àwòrán rẹ̀, nǹkan tí kò tó èékánná tí wọ́n ń fi sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ kéékèèké pọ̀ nínú rẹ̀ tí wọ́n ń fi dátà, ìyẹn ìsọfúnni, ránṣẹ́ síra wọn, àwọn ráwútà ló sì ń júwe ọ̀nà fún dátà náà. A ò fi nọ́ńbà pe ráwútà tiwa. Orúkọ ìlú la sọ wọ́n: Ọ̀wọ̀, Ìfọ́n, Afo, Ìjàgbà. Ọmọ Afo ni Yahya, ìlú kékeré tí àwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé. Òun nìkan ló kọ́ ráwútà Afo, bí ẹni ń kọ́lé fún ìyá rẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé dátà tó bá kúrò ní Ìfọ́n, Afo á dá a dúró, á bi í níbi tó ń lọ, kó tó jẹ́ kó kọjá sí Ìjàgbà. Ìdádúró yẹn ń pa wá. Mo bá na wáyà kan tààrà láti Ìfọ́n dé Ìjàgbà. Dátà ń tẹ̀ léra nínú rẹ̀ wéréwéré. Ti ẹ̀yìn kì í dúró kí tiwájú dé kó tó gbéra.

"Kódà nínú ṣíípù, ẹ tún fo Afo kọjá!" Yahya rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́.

"Kí ni dátà fẹ́ yà síbẹ̀ ṣe? Kó jókòó, kó mumi?"

"Yọ wáyà yẹn."

"Mi ò yọ ọ́."

"Bí o bá fi í ránṣẹ́ sókè òkun báyìí, mo ti kúrò nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Mi ò bá ẹ ṣeré o."

"Ilẹ̀kùn rèé. Kò tì."

Ó lọ. Mo gbọ́ bí ọ̀kadà rẹ̀ ṣe ń jìnnà títí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́. Mi ò bẹ̀ ẹ́, nítorí wáyà náà dára. Àmọ́ ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ yìí, Yahya nìkan ni mo lè pe ráwútà létí rẹ̀ tí kò ní rò pé wáì-fáì ni mo ń tà.

Mo fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí àwọn tó fẹ́ bá wa ṣe ṣíípù náà lókè òkun. Nígbà tí èsì dé, wọ́n ní nínú gbogbo àwòrán tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kò sí èyí tó yára tó tiwa. Àwọn máa ṣe é.

"Ó ti wọlé o!" Mo pariwo.

Ìyá Theresa, alájọgbélé mi tó ń fọṣọ lẹ́yìn fèrèsé, dáhùn: "Ta ló gbá a wọlé?"

"Kì í ṣe bọ́ọ̀lù, mà. Wáyà ni."

"Háà! Ṣé wọ́n ti mú iná dé ni?"

"Rárá, mà."

Ó bá aṣọ fífọ̀ rẹ̀ lọ.

Mo kọ̀wé sí Yahya: "Wọ́n gbà á. Ó yára ju bí a ṣe rò lọ." Mo jókòó ti fóònù. Yahya tí mo mọ̀ á bi mí pé báwo ló ṣe yára tó, ṣé kò gbóná jù, á sì pè mí ní olórí kunkun.

Èsì dé: "Kú iṣẹ́ o."

Ohun tí èèyàn ń sọ fún bíríkìlà lẹ́bàá ọ̀nà nìyẹn, téèyàn ò sì ní dúró.

Mo ronú kan èébú kan tó dùn, irú èyí tá a máa ń fi bú ara wa tẹ́lẹ̀. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́. Mo wá kọ "O ṣé", mo fi ránṣẹ́.