Okùn Gíláàsì Tó Ń Tẹ Ohùn Màmá Mi

Mo wà nínú yàrá kékeré lórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú wa, níbi tí okùn gíláàsì tó ń gbé ohùn bọ̀ láti ilé iṣẹ́ rédíò parí sí. Màmá mi ló ń sọ̀rọ̀ ní ìkángun kejì. Wọ́n ti kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ò tíì tán. Wọ́n ń ka orúkọ àwọn ará àdúgbò wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn náà ń ga, ó ń lọ sílẹ̀, bí ohùn wọn ṣe ń ṣe.

Orúkọ tí okùn náà bá tẹ̀ tó sì wọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ilé ẹni tó ni ín á pòórá. Wọ́n pe Fátọ́lá, ohun tó jáde dà bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá ń sín. Mo wo ojú fèrèsé. Aṣọ tí ìyàwó Fátọ́lá sá ṣì ń fẹ́ lẹ́lẹ́, kò sí ilé lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá mi, Ládépò, wọlé láti inú ògiri.

"Sọ fún ìyá ẹ kó máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́," ló wí. "Ohùn ẹ̀ ti pọ̀ jù fún ìmọ́lẹ̀ yẹn."

Màmá gbìyànjú ẹ̀. Ariwo bí òjò orí páànù bo ohùn wọn, ilé méjì sì lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Àwẹ̀ró," wọ́n pè mí, "mi ò sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nígbà tí mo wà láyé. Ṣé ìgbà tí mo kú ni màá wá bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ má bẹ̀rẹ̀, Màámi."

Ọ̀gá ní kí n pa ìmọ́lẹ̀ náà. Mo ní mi ò ní pa á. Yàrá náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún títí ògiri fi kàn mí léjìká, mi ò kúrò. Mo bi okùn náà pé apá ibo ló ń tẹ ohùn sí.

"Òsì," ló dáhùn. "Bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn."

Mo wá ní kí Màmá máa tẹ orúkọ kọ̀ọ̀kan sí ọ̀tún kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Wọ́n tẹ Fátọ́lá sọ́tùn-ún, okùn tẹ̀ ẹ́ sósì, ó sì jáde ketekete. Ilé rẹ̀ padà sí àyè rẹ̀, ó tilẹ̀ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò ní tẹ́lẹ̀.

"Jáde nínú iṣẹ́ mi," ni Ọ̀gá wí.

"A ò tíì ka orúkọ tán, sà."

"Ládépò ló kàn," ni Màmá wí. "Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́, àbí kí n pè é bó ṣe wà?"

Mo wo Ọ̀gá lójú. Ó ń wo ilé tirẹ̀ lójú fèrèsé.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Màámi. Ilé kankan ò ní lọ mọ́."

Wọ́n pè é. Gbogbo ilé tó wà nísàlẹ̀ òkè, títí kan àwọn méjì tó ti lọ, dìde dúró.