Ìkọ́ Tó Ru Ju Agbára Rẹ̀ Lọ

Ṣàkírát tó ń da irin ní Igbó-Elérin fi ayùn gé ìkejì nínú ìkọ́ méjì tó dà pọ̀ fún ọkọ rẹ̀, Bàṣírù mẹkáníìkì. Inú rẹ̀ kún fún ihò wínníwínní. Ó ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: pẹ̀lú ihò tó pọ̀ tó yìí, irú ìkọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè gbé ju ọ̀ọ́dúnrún kílò lọ láé. Ẹ́ńjìnnì tó sì so rọ̀ lára ìkọ́ àkọ́kọ́ lókè Bàṣírù láti àárọ̀ jẹ́ irinwó.

Kí ló wá ń gbé e dúró?

Ó pè é jẹ́jẹ́. “Baba Ìdrís, ẹ rọra jáde níbẹ̀.”

“Ṣé oúnjẹ ti délẹ̀ ni?”

“Ẹ ṣáà jáde.”

Ó rọra yí jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni ìkọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fà bí ilá, láìdún rárá, tí ẹ́ńjìnnì sì wálẹ̀ síbi tí àyà rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀.