Ilẹ̀kùn Détọ́lá Létí Odò

Mo kìlọ̀ fún ọ o, ìwọ tí ò ń kà á: má fi ojú Dallas wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ kò tẹ̀ rí.

Láti àná ni Ọlábímpé ti ń pe Détọ́lá, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní abúlé kékeré kan ní England. Fóònù kò lọ. Ìròyìn sì ní odò ti kún lágbègbè ibẹ̀. Ó jókòó sínú ọkọ̀ níwájú warehouse tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Grand Prairie, lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà. Kò lè wọlé, kò lè padà sílé.

Fídíò nìkan ló fi mọ abúlé náà. Àfonífojì ni, láàárín òkè méjì tí àgùntàn ń jẹ̀ lórí wọn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ibẹ̀, ó gba orí afárá olókùúta. Ṣọ́ọ̀ṣì wà lókè, ilé ọtí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé Détọ́lá, ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, létí odò.

Fóònù dún. Ó gbé e kíákíá.

"Mummy, ẹ káàárọ̀ o. Omi ló ba network jẹ́."

"Détọ́lá! O wà láyé?"

"Mo wà, mà. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ ṣáà ní ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn, kí n pa iná, kí n dákẹ́."

Lóòótọ́, ó sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé ní apartment tiwọn ní Dallas nìyẹn: ẹni tí kò bá kọ́kọ́ pè, wọn kì í ṣílẹ̀kùn fún un. Àṣé lábúlé yẹn, bí odò bá ti ń gun ẹsẹ̀ afárá, àwọn ará òkè á sọ̀ kalẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn àwọn ará ìsàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kan ti Détọ́lá títí. Ó pa iná, ó dákẹ́. Omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bá a.

"Ìyá arúgbó kan ló yọjú lójú fèrèsé, ó ní, 'Ọmọ yìí, à ń rí ẹ o, ẹ̀yìn àga lo sá sí!' Ni mo bá ṣí i."

Ọlábímpé bú sẹ́kún, ẹ̀rín sì gbà á mọ́ ẹkún lẹ́nu. "Olúwa, o ṣeun. Báwo lo ṣe wá kọjá omi?"

"Àgbẹ̀ kan ló fi katakata rẹ̀ gbé mi lọ sílé ọtí. Ibẹ̀ ni gbogbo wa sùn."

"Ilé ọtí! Ìwọ tí èmi díákónẹ́ẹ̀sì bí!"

"Ibẹ̀ ló ga, Mummy."

Ọlábímpé mí kanlẹ̀. Àyà rẹ̀ ti balẹ̀ wàyí, ojú rẹ̀ sì ti là. "Àgbẹ̀ yẹn ńkọ́? Ọ̀dọ́ ni?"

"Mummy!"

"Mo kàn béèrè ni. Ó ti níyàwó?"

"Ẹ wọlé lọ ṣiṣẹ́ yín, mà. Mi ò sọ̀rọ̀ mọ́."