Ọ̀pọ̀tọ́ Inú Ike Ọ̀dà

Igi tí káfíńtà fi gbé ata ró nínú ike ọ̀dà ṣàdédé rúwé. Gbogbo igi tó ti kú ni káfíńtà mọ̀. Èyí tó yè yìí kò yé e. Ó já ewé kan, ó mú un lọ bá ọlọ́gbà tó ń ta irúgbìn.

"Ọ̀pọ̀tọ́ ni, Bàbá, àmọ́ oríṣiríṣi ló wà. Tó bá so, ẹ là á, kẹ́ ẹ wo àwọ̀ inú ẹ̀, àá wá mọ irú èyí tó jẹ́."

Bí ike ọ̀dà ṣe di ọba nìyẹn. Káfíńtà ń gbé e tẹ̀lé oòrùn káàkiri ẹ̀yìnkùlé bí ọmọ jòjòló.

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, ní, "Ẹ ò gbé èmi báyìí rí o." Síbẹ̀, nígbà tí igi so ẹyọ kan ṣoṣo, òun ló rán àpò kékeré bò ó nítorí ẹyẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, káfíńtà mú ọ̀bẹ jáde, ó bá àpò lófìfo.

"Ìyá àwọn ọmọ! Èso mi dà?"

"Ó ti rọ̀, ẹyẹ sì ti ń ya àpò. Mo ní kí n tètè gbà á là."

"Inú ikùn lo gbà á là sí? Ó dáa. Ṣé pupa ni inú ẹ̀ àbí funfun?"

Aránṣọ nu ẹnu. "Mi ò mọ̀. Ó dùn débi pé mo dijú."

Káfíńtà fẹ́ bínú, àmọ́ ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kó rí ìbínú náà mú.

Nígbà tí ọlọ́gbà béèrè irú ọ̀pọ̀tọ́ tó jẹ́, kíá ni káfíńtà dáhùn: "Adijújẹ ni."