Ọ̀mì Tí Èmi àti Ìyá Ọkọ Mi Ta

Ẹni tó bá borí nínú èmi àti obìnrin tó jókòó síwájú mi ni yóò lọ ṣojú Kogi nínú ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì ní Àbújá. Bí a bá ta ọ̀mì, Jàmíátù, tó ti parí tirẹ̀, tí máàkì rẹ̀ yóò sì ju tiwa lọ nígbà náà, ni yóò lọ. Èyí ò ṣòro. Ohun tó ṣòro ni pé ìyá Ayọ̀olúwa, ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, ni wọ́n gbé kò mí lójú.

"Ọ̀kún o, ìyàwó," ni Màmá fi kí mi.

Láti ìgbà tí Màmá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ṣẹ́ẹ̀sì ló kù tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n èmi náà kì í ṣe ẹran rírọ̀. Nígbà tó yá, ayaba mi há ọba rẹ̀ mọ́ igun, kò ríbi sá sí mọ́. Màmá mí kanlẹ̀. "O ti mú mi," ló rọra sọ. Ó kó àwọn ọmọ orí pátákó jọ, ó sì na ọwọ́ sí mi.

Ìyàwó wo ló ń bọ ìyá ọkọ lọ́wọ́ ní ìdúró? Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ìgbà yẹn gan-an ni rẹfirí dé ọ̀dọ̀ wa.

"Ta ló jẹ?"

Màmá wò mí. Èmi wolẹ̀. Ṣé orí ìkúnlẹ̀ ni kí n ti sọ pé mo na ìyá ọkọ mi? Mo ń retí kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Rẹfirí tún béèrè.

"Ọ̀mì ni," Màmá dáhùn.

Orí mi dàrú. Mo buwọ́ lu ìwé èsì tí wọ́n gbé síwájú mi, n kò mọ ohun tí mo ń ṣe.

Inú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa lọ sí àdúgbò Karaworo ni Màmá ti bi mí pé, "Ìkúnlẹ̀ wo nìyẹn?"

"Mo ń kí yín ni, mà."

"Mo rò pé o ń bẹ̀ mí ni, kí wọ́n má baà gbọ́ pé ìyàwó na ìyá ọkọ."

"Èmi rò pé ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́."

Ó yíjú sí mi. "Àbújá ńkọ́? Ṣé o ò fẹ́ lọ ni?"

"Mo fẹ́ lọ, mà." Ó dùn mí débi pé omi lé sí mi lójú.

"Bridget, tí o bá wọ ilé wa, ohun tó bá jẹ́ tìrẹ, máa sọ pé tìrẹ ni."

Ó yẹ kí n ní kí oníkẹ̀kẹ́ yí padà, kí a lọ bá rẹfirí. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde ni, "Ẹ ṣé, mà."