Omi Kì Í Ṣe Ọ̀tá Ọmọ Mi

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ mi ni wòlíì kan ti sọ pé n kò gbọdọ̀ dé etí odò láyé mi. Màmi gbà á gbọ́. Èmi ò gbà á, ìdí nìyẹn tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi, Bọ́sẹ̀ àti Safiyyah, fi máa ń lọ wa káyáàkì, ọkọ̀ oníke tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, lórí omi Ẹlẹ́yẹlé.

Lọ́dún tó kọjá, káyáàkì tèmi dojú dé. Jákẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ gbé mi léfòó, ẹ̀rín ni mo ń rín nígbà tí wọ́n fà mí jáde. Àmọ́ Màmi gbọ́. Wọ́n sọ fún ọmọ mi, Òkìkíọlá, ọmọ ọdún méje, pé omi ń pe ìyá rẹ̀, yóò sì pe òun náà. Láti ìgbà náà, ìwẹ̀ àárọ̀ di ẹkún. Bí òjò bá ṣú, ọmọ mi á sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Inú bí mi gan-an. Ẹ̀rù tí wọ́n fi tọ́ mi kò ní di ogún ọmọ mi.

Ní Sátidé kan tí ooru mú débi pé àwọn ajá Bódìjà ò lè gbó, mo ní ká padà lọ sí Ẹlẹ́yẹlé. Bọ́sẹ̀ àti Safiyyah kó àwọn ọmọ wọn dání. Màmi wọ iwájú mọ́tò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n, wọ́n gbé ike omi àdúrà lé itan.

"Kòfó, ẹni tí wọ́n ní kó má dé odò!" Màmi pè mí.

"Màmi, ẹ̀yin náà ń lọ sódò lónìí o."

Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín títí a fi kọjá àdúgbò Ṣàngó.

Nígbà tí a débẹ̀, Màmi fi okùn so ike náà mọ́ Òkìkíọlá lọ́rùn. "Èyí ni yóò dáàbò bò ọ́." Àwọn ọmọ yòókù ti wà lórí omi, wọ́n ń pariwo. Tèmi dúró gbagidi sétí omi nínú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"N kò ní fipá mú ọ," mo ní. "Àmọ́ èmi ń lọ."

Mo wọ káyáàkì elérò méjì, mo gbé àjẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ dúró dè mí!"

Nígbà tí a dé àárín omi, oòrùn ń jó wa lórí. Omi mímu wa wà lọ́dọ̀ Safiyyah, ó sì ti jìnnà sí wa. Òkìkíọlá wo ike ọrùn rẹ̀, ó ṣí i, ó mu ún tán ráúráú.

Màmi figbe ta létí omi. "Òkìkí! Kí ló wá kù tí yóò dáàbò bò ọ́?"

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó fi ike òfìfo yẹn bu omi Ẹlẹ́yẹlé, ó dà á sórí ara rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó tún bù ú.

"Màmá!" ó kígbe sí Màmi. "Omi ò pè mí o! Èmi ni mo wá bá a!"

Ó wá yíjú sí mi, ó na ọwọ́ méjèèjì sí àjẹ̀.