Ariwo Abẹ́ Ìjókòó Ẹ̀yìn

Etí mi ò di. Ẹ jẹ́ kí a ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, torí ohun tí wọ́n sọ nìyẹn, pé mo ti darúgbó, pé etí mi ló ń dá orin kọ fún ara rẹ̀. Irọ́ ni wọ́n pa. Bí Ilésanmí ọmọ mi bá ń parọ́ fún ìyàwó rẹ̀ nínú yàrá, mo ń gbọ́ ọ láti ìdí àdògán. Ariwo tó ń dún lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn maṣíìnì wa, mo gbọ́ ọ, mo sì sọ.

Bàbá Ilésanmí ló fi maṣíìnì náà, ọ̀kadà tí à ń gùn yìí, sílẹ̀ nígbà tó kú. Ó ti gbó. Pupa ni wọ́n kùn ún nígbà kan rí, ṣùgbọ́n ní báyìí kò sẹ́ni tó lè sọ irú àwọ̀ tó jẹ́ mọ́. Síbẹ̀ òun náà la fi ń ṣe gbogbo nǹkan ní abà wa, torí pé ọkọ̀ kì í wá síbẹ̀ àfi lọ́jọ́ ọjà. Ó ń gbé kòkó, ó ń gbé uṣu, ó ń gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Emùré, ó sì ń gbé Fẹ́rànmí, ìyàwó Ilésanmí, lọ sí ilé-ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé.

Fẹ́rànmí yìí ni kí ẹ fọkàn bá lọ. Oyún méjì ló ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Ẹ̀kẹta rèé, ó ti wọ oṣù kẹjọ, ẹ̀rù sì ń bà wá débi pé a kì í dárúkọ rẹ̀ sókè. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ ní ọmọ náà dùbúlẹ̀ ní ìbú, pé kò gbọdọ̀ pa ọjọ́ àyẹ̀wò kankan jẹ. Ta ni yóò máa gbé e lọ? Maṣíìnì yìí náà ni.

Nígbà tí Fẹ́rànmí kọ́kọ́ wọ ulé wa, sòkòtò ló wọ̀. Ọmọ olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni, ìgboro Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ, ó wá ya ẹsẹ̀ gbàgà lẹ́yìn ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń gẹṣin. Mo ní rárá o, ulé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Obìnrin ulé wa kì í ya ẹsẹ̀ lórí maṣíìnì, áńbọ̀sìbọ́sí aboyún. Ẹ̀gbẹ́ ni a ń jókòó sí: ẹsẹ̀ méjèèjì sí òsì, kí o kó wọn pọ̀, kí ìró bò ọ́ dé ọrùn ẹsẹ̀, kí o di ọkọ rẹ mú. Bí èmi náà ṣe ń jókòó lẹ́yìn bàbá Ilésanmí nìyẹn títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọmọ náà gbọ́ sí mi lẹ́nu, kò ráhùn lọ́jọ́ kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ọmọ tí mo bí lọ, Ilésanmí sì mọ̀.

Ọjọ́ ìsìn kan ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ariwo náà. À ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo wà lẹ́yìn nínú aṣọ funfun mi, ni mo bá gbọ́ ṣíì, ṣíì, ṣíì, bí ẹni ń fi kànrìnkàn ha ìdí ìkòkò. Tí a bá wọ kòtò, yóò ṣe kọ̀ǹgọ́. Abẹ́ ìdí mi gan-an ló ti ń wá.

"Ilésanmí, nǹkan ń ha táyà ẹ̀yìn yìí o."

"Màámi, mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Báwo lo ṣe máa gbọ́, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń pariwo sí ọ létí?"

"Ó dáa, Màámi."

Tí Ilésanmí bá ti ní "ó dáa, Màámi" báyìí, ẹ lọ sùn, kò ní ṣe nǹkan kan. Bí bàbá rẹ̀ ṣe rí nìyẹn kí ikú tó mú un. Mo bá a jà títí ó fi gbé mi lọ sọ́dọ̀ Ògúndélé, mẹkáníìkì tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ugi máńgòrò lẹ́bàá ọ̀nà Emùré.

Ògúndélé mọ uṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó gun maṣíìnì náà lóun nìkan, ó lọ, ó bọ̀, kò dún. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà. Ó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó jẹ́ kó fò sókè, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ní ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì, ìyẹn àwọn irin onísípíríńgì tó ń gbà wá sílẹ̀ tí a bá wọ kòtò, ti kú pátápátá. Ó tú wọn kúrò, ó fi tòkunbọ̀ rọ́pò wọn. Lẹ́yìn náà ló wá gun ẹ̀yìn Ilésanmí, ó ya ẹsẹ̀ sí ọ̀tún, ó yà á sí òsì, wọ́n sì kọrí sí ibi tí kòtò pọ̀ sí jù. Nígbà tí wọ́n padà dé, ẹ̀rín ń pa àwọn méjèèjì.

"Màámi, ẹ wo bí mo ṣe sanra tó! Tí èmi bá jókòó tí kò dún, kí ló tún kù?"

"Jẹ́ kí èmi fúnra mi jókòó," mo ní, "kí ìwọ máa sáré tẹ̀lé wa, kí o fi etí ara rẹ gbọ́."

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku.

"Háà, Màámi! Kí wọ́n gbé odindi ìyá ìjọ gba inú kòtò nítorí pé Ògúndélé ń yẹ maṣíìnì wò? Tí ẹ bá já bọ́ ńkọ́? Ìyá mi á jí láti inú sàréè wá nà mí. Ẹ jókòó síbí o jàre, ẹ mu omi tútù."

Wọ́n gbé àga fún mi, wọ́n já omi tútù fún mi. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún mi, mo sì gbà á. Mo mu omi náà tán.

A ò tíì rìn jìnnà nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀. Ṣíì, ṣíì. Lọ́tẹ̀ yìí, òórùn wà ńbẹ̀, òórùn rọ́bà tó ń jóná. Ilésanmí ní ẹ̀ẹ̀rùn ni, pé àwọn ará abà ń sun oko. Lóòótọ́ èéfín wà lójú ọ̀run. Mo bi í pé ta ló ń fi rọ́bà sun oko.

Nígbà tí mo dé ulé tí mo bọ́ aṣọ, etí rẹ̀ lápá òsì ti dúdú kirikiri. Ọmọ mi ní ọ́ìlì ṣéènì ni. Fẹ́rànmí gbà á lọ́wọ́ mi kó lọ fọ̀ ọ́, kò sì pẹ́ tó fi tẹ̀lé mi wá sẹ́yìnkùlé, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Màámi, kì í ṣe ọ́ìlì. Ẹ wò ó, ó ń yí lọ́wọ́ ni. Ó dà bí ìdọ̀tí tí irésà àwọn ọmọ ilé-ìwé mi máa ń fi sílẹ̀ lórí ìwé." Ó wolẹ̀. "Èmi náà ń gbọ́ ariwo yẹn. Mi ò kàn fẹ́ sọ ni, kí ẹ̀yin àti ọkọ mi má bàa tún jà."

Táyà náà ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ara aṣọ mi ló sì ń dà sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, a gbé ọ̀rọ̀ náà ka Ilésanmí níwájú. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin obìnrin ulé yìí ti dìtẹ̀ mọ́ maṣíìnì bàbá mi."

"Bàbá rẹ ì bá ti tú u wò," mo ní. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, Ilésanmí. Mò ń sọ fún ọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún. Ó dìde, ó yí táyà náà lójú wa. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń dán. Ẹ̀gbẹ́ òsì, ìdérí ṣéènì ló bò ó, èèyàn ò lè rí i dáadáa. Mo ní kó tú ìdérí náà. Ó ní ọjọ́ àyẹ̀wò ni ọ̀la, òun ò fẹ́ tú ohun tí òun ò ní lè dè padà kí ulẹ̀ tó mọ́, pé tí àwọn bá ti Ìkẹ́rẹ́ dé, tààrà ọ̀dọ̀ Ògúndélé ni òun máa gbà. Mo wo ikùn Fẹ́rànmí. Mo rántí ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Kí ni ǹ bá ní kí wọ́n ṣe?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi ni mo di Fẹ́rànmí létí ìró. Ó jókòó, ó kó ẹsẹ̀ pọ̀ sí òsì, ó fi ọwọ́ kan gbá ọkọ rẹ̀ mú, ó fi ìkejì gbé ikùn rẹ̀ ró. Mo gbàdúrà lé e lórí. Wọ́n lọ.

Ọkàn mi ò balẹ̀, ni mo bá ní kí n wá nǹkan fọwọ́ ṣe. Uṣu tí a wà wà lẹ́yìnkùlé, mo fẹ́ fi bárò kó o wọ inú àká. Apá ọ̀tún ìsàlẹ̀ bárò náà ti lu, torí náà mo to gbogbo uṣu sí ọwọ́ òsì. Mo gbé e, mo tì í.

Ṣíì, ṣíì, ṣíì.

Mo dúró. Mo wo abẹ́ rẹ̀. Irin tó di táyà bárò náà mú ti gbó, ó ti jẹ́ kí táyà dẹ̀gbẹ́ sí òsì, irin sì ń ha á. Mo kó uṣu sí àárín, mo tì í. Kò dún. Mo kó o padà sí òsì. Ó dún.

Uṣu tó wà lọ́wọ́ mi bọ́. Yéè! Ògúndélé ya ẹsẹ̀. Gbogbo àwọn ọkùnrin tó gun maṣíìnì yẹn wò ló ya ẹsẹ̀, àárín ni wọ́n wúwo sí, táyà á dúró ṣánṣán. Èmi àti Fẹ́rànmí nìkan ni gbogbo ara wa máa ń wà lápá òsì. Irin tó di táyà ẹ̀yìn mú ti gbó, ó ń mì, tí a bá ti jókòó, táyà á fì sí òsì, irin á máa fá a níbi tí ojú ò tó. Bí a ṣe ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì là ń fá a. Bí ọmọ náà ṣe ń lọ síbi uṣẹ́ ló ń fá a. Ó sì ti ń fá a lọ sí Ìkẹ́rẹ́ báyìí, tòun toyún.

Mo pe Ilésanmí, kò gbé e. Mo tún pè é, kò gbé e. Mo pe Fẹ́rànmí. Ó gbé e! Atẹ́gùn ń fẹ́ nínú fóònù, lẹ́yìn atẹ́gùn náà mo gbọ́ ọ, ó ti le ju bí mo ṣe ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ lọ.

"Fẹ́rànmí, ya ẹsẹ̀! Ya ẹsẹ̀ rẹ báyìí báyìí!"

"Màámi? Ẹ ní kí n ṣe kí ni?"

"Ya ẹsẹ̀! Bí ọkùnrin! Gbé ẹsẹ̀ kan sí ọ̀tún!"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Màámi ní kí n ya ẹsẹ̀," Ilésanmí náà sì rẹ́rìn-ín.

"Màámi, ẹ fẹ́ dán mi wò ni," Fẹ́rànmí ní. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ẹ ṣe kọ́ mi gẹ́lẹ́ ni mo ṣe jókòó. Mo kó ẹsẹ̀ pọ̀ dáadáa."

"Mi ò dán ọ wò! Ní kó dúró! Fẹ́rànmí, ẹ dúró!"

"Màámi, mi ò gbọ́ yín mọ́. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, mo ti ń rí àpáta Ìkẹ́rẹ́."

Fóònù gé. Mo tún pè é, kò lọ. Mo pe Ilésanmí, kò lọ. Mo ti jáde sójú títì láìwọ bàtà, mi ò mọ ìgbà tí mo rìn débẹ̀. Mò ń pè, mò ń rìn, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó fi èmi gan-an dípò wọn.

Nígbà tó yá, ìpè mi wọlé sórí fóònù Fẹ́rànmí. Ẹnì kan gbé e. Ohùn ọkùnrin ni, kì í ṣe ti Ilésanmí.

"Ẹ kú ọ̀sán, Mà. Kí ni ẹ jẹ́ sí obìnrin tó ni fóònù yìí?"

"Ìyá rẹ̀ ni mí. Ẹ gbé fóònù fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún un kí n gbọ́ ohùn rẹ̀."

Kò gbé e fún un. Mo ń gbọ́ ariwo èèyàn lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin kan ń ké Jésù, Jésù. Ọkùnrin náà bi mí bóyá ẹnì kan wà lọ́dọ̀ mi. Mo ní kò sí. Ó ní táyà ẹ̀yìn maṣíìnì wọn ló bẹ́ lórí eré, ó wá ní kí n kọ́kọ́ wá ibì kan jókòó sí.